Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí n lọ ṣojú open source níbi tí wọ́n ti ń ṣe òṣùwọ̀n

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni wá, a wà káàkiri Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. À ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti ohun èlò tó ń yẹ àkọtọ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ wa máa ń gba inú sọ́fítíwia ẹgbẹ́ ńlá kan tó wà lókè òkun kọjá kó tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ẹgbẹ́ ńlá yẹn ló kéde pé àwọn ń wá olùyọ̀ǹda ara tí yóò máa jókòó fún open source, ìyẹn sọ́fítíwia tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi tiwa, nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn ìlànà tí gbogbo olùṣe jọ ń tẹ̀ lé. Àwọn ará wa bá fẹnu kò pé èmi ni kí n lọ.

Inú mi dùn sí i, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni mo lọ, iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mi ò gboyè ńlá kankan. Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń sanwó? Ṣé wọ́n máa gbọ́ tèmi tí mi ò ti ilé-iṣẹ́ ńlá wá? Bí mo bá sì débẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni mo máa sọ, tèmi ni àbí ti ẹgbẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Kétu

Àbúrò, o kú oríire. Ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo èyí tí o bi wá: ìgbìmọ̀ wo? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé sí wọn yàtọ̀ síra gan-an, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà lè máa kanlẹ̀kùn fún ọdún kan níbi tí wọn kò ti lè ṣí i fún un.

Mú IETF, àwọn tó ń kọ òṣùwọ̀n tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Láti 1986 ni wọ́n ti wà. Kò sí pé à ń gba káàdì ọmọ ẹgbẹ́, kò sí owó ọdún. Bí o bá ti forúkọ sílẹ̀ sí àkójọ ímeèlì ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan, tí o ń kà, tí o ń fèsì, o ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í dìbò. David Clark ló sọ ọ́ fún wọn ní 1992 pé àwọn kò gba ọba, àwọn kò gba ààrẹ, àwọn kò gba ìdìbò. Ohun tí àwọn gbà gbọ́ ni kí ọ̀pọ̀ jù lọ fohùn ṣọ̀kan, kí kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ní kóòdù tó ń ṣiṣẹ́. Má fojú kéré ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ìpàdé ńlá wọn, èèyàn sì lè bá wọn ṣe é láti ilé. Ẹni tí owó ìforúkọsílẹ̀ bá ni lára lè ní kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun.

W3C ń ṣe òṣùwọ̀n wẹ́ẹ̀bù, Tim Berners-Lee dá a sílẹ̀ ní 1994. Ilé-iṣẹ́ àti àjọ ló ń sanwó láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń pè ní Community Group ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì lè pe ẹni tó mọ nǹkan, tí kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ kankan, wọ inú ẹgbẹ́ iṣẹ́ tààrà. Invited Expert ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

ISO, àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé, yàtọ̀ pátápátá. Orílẹ̀-èdè ló ń jókòó níbẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Èmi àti ìwọ kò lè dá lọ. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ANM ni ọ̀nà, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òṣùwọ̀n, ìwọ̀n àti bí ọjà ṣe dára tó. Bí àwọn ará ilé kò bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, wàá kọ́kọ́ rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni.

Nítorí náà, padà lọ bi àwọn tó rán ọ: ibo gan-an ni wọ́n ti fẹ́ kí o jókòó?

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dárúkọ méjì: Unicode, àwọn tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n, àti àwọn ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó ń kọ òṣùwọ̀n ààbò sọ́fítíwia. Wọ́n ní èyí tó bá wù mí.

Ìyá Olùkọ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ọmọ mi, Unicode ni kí o mú. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí o mọ̀ ti ju ti ẹlòmíì lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ɛ, ɔ àti sh ni wọ́n fi kọ́ wa ní Yorùbá. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ àti ṣ. Gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí ló ti wà nínú Unicode tipẹ́. Ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ máa ń fẹ́ béèrè ni pé kí wọ́n fún ẹ́, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọn kò ní gbà, wọn kò sì kórìíra wa. Wọ́n ti ṣòfin pé ohun tí a bá ti lè fi lẹ́tà àti àmì tó wà nílẹ̀ tò pọ̀, àwọn kò tún ní fún un ní nọ́ńbà mìíràn, kí ohun tí ayé ti kọ pa mọ́ má bàa dàrú. é ti Faransé ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9, torí ó ti wà nínú àwọn tábìlì àtijọ́ kí Unicode tó dé. ẹ́ tiwa jẹ́ U+1EB9, kí U+0301 tẹ̀ lé e. ɛ́ jẹ́ U+025B àti U+0301 kan náà. Bí o bá mọ èyí kí o tó lọ, o ò ní fi ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ ṣòfò.

Ohun tí wọ́n lè gbà wà lọ́tọ̀. Ibi ìpamọ́ kan wà tí Unicode ń bójú tó, CLDR lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ oṣù, orúkọ ọjọ́, orúkọ orílẹ̀-èdè, bí a ṣe ń kọ owó àti aago, ti ń wá sórí fóònù gbogbo wa. Android ń lò ó, iPhone ń lò ó, Windows ń lò ó. Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì yo, tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ sì ní ààyè tirẹ̀, yo-BJ, pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh. Ṣé o rí i? Ààyè náà ti wà. Àwọn èèyàn tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sọ pé "báyìí kọ́ la ṣe ń pè é ní Ṣábẹ̀ẹ́, báyìí kọ́ la ṣe ń kọ ọ́ ní Kétu", ni kò pọ̀. Ó ní àsìkò tí wọ́n ń ṣí ìkànnì tí wọ́n fi ń gba àbá, Survey Tool. Àwọn èèyàn á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dìbò lé e. Ìbò ẹni tó dá wá gẹ́gẹ́ bí àlejò kò wúwo tó ti ẹni tí ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ rán wá. Ibí yìí gan-an ni ṣíṣojú ẹgbẹ́ ti ń so èso. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbé CLDR tuntun jáde, nítorí náà o ò ní dúró títí ayé kí o tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi kò mọ kóòdù kọ. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ orúkọ àwọn ọjọ́ àti oṣù sórí pépà fún mi, mo lè mú un lọ bá àwọn àgbà níbí.

Àrẹ̀mú (Jámánì, ọmọ Àjàṣẹ́)

Mo kí Ìyá Olùkọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yúróòpù, kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò kàn wá.

Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2024, Cyber Resilience Act. Ohunkóhun tó bá ní sọ́fítíwia nínú, tí wọ́n fẹ́ tà lọ́dọ̀ wọn, gbọ́dọ̀ ní ààbò, olùṣe rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa tún àléébù rẹ̀ ṣe. Láti oṣù Kẹsàn-án 2026 ni àwọn olùṣe gbọ́dọ̀ máa fi tó ìjọba létí bí wọ́n bá rí àléébù tí àwọn ọ̀daràn ti ń lò. Òfin náà lódindi á máa ṣiṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2027. Ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni òfin fi sọ ọ́, CEN, CENELEC àti ETSI, àwọn àjọ òṣùwọ̀n Yúróòpù, ni wọ́n sì ní kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n tí yóò là á yé èèyàn. Ilé-iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé òṣùwọ̀n náà, wọ́n á gbà pé ó ti pa òfin mọ́ níbi tí òṣùwọ̀n yẹn dé.

Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwia tirẹ̀ tí kò fi í ṣòwò kò sí lábẹ́ ẹrù yìí. Àwọn àjọ tó ń tọ́jú open source fún àwọn tó ń fi ṣòwò ní ipò tiwọn nínú òfin, ẹrù wọn sì fúyẹ́ ju ti olùtajà lọ. Àwọn ará open source jà kí ìyẹn tó wọ inú òfin. Ohun tó kù báyìí ni òṣùwọ̀n. Bí gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bá jẹ́ àwọn tó mọ ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀gá, tó ní agbẹjọ́rò, tó ní ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò, wọ́n á kọ òṣùwọ̀n tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan lè tẹ̀ lé. Nígbà náà ni ẹni tó lo kíbọ́ọ̀dù yín nínú ọjà rẹ̀ á máa kọ̀wé sí yín pé kí ẹ kún fọ́ọ̀mù olójú-ewé rẹpẹtẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá olùyọ̀ǹda.

Nǹkan méjì ni kí o béèrè kí o tó bọ́ sí i. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan lórí rẹ̀. W3C ti ní ìlànà láti 2004 pé ẹni tó bá bá wọn kọ òṣùwọ̀n kò ní gba owó páténtì lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Àwọn ibòmíì gba ohun tí wọ́n ń pè ní FRAND: wọ́n lè gbowó, kó ṣáà ti jẹ́ iye tó bọ́gbọ́n mu. Sọ́fítíwia tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ láìgbàṣẹ kò ṣeé ka iye ẹ̀dà rẹ̀, ta ni yóò wá san owó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan? Bí o bá rí òṣùwọ̀n tó dá lé irú páténtì bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ kíákíá, má dúró di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èkejì ni àṣírí. Ní ISO àti CEN, ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ kò ṣeé gbé síta. Àwa tí a ti mọ́ lára pé gbogbo nǹkan la ń ṣe ní gbangba, èyí máa ń ni wá lára. O ò lè kó ìwé náà fún ẹgbẹ́ yín kí wọ́n kà á. O lè sọ kókó ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, o lè béèrè ìmọ̀ràn wọn lórí rẹ̀. Ẹ jọ sọ èyí yanjú kí o tó wọlé, kó má dà bí ẹni pé ò ń fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn tó rán ọ.

Ará Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, òun sì ni mo kà sí jù: ọ̀rọ̀ ta ni o máa sọ?

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìpàdé kì í dúró. Wọ́n á gbé àbá kan kalẹ̀ tí ẹgbẹ́ yín kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, alága á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i, ìṣẹ́jú méjì lo ní. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó takò ó.

Ẹ kọ ìwé iṣẹ́ kan, ojú ewé kan ṣoṣo. Ohun tí o lè gbà lójú ẹsẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni: àtúnṣe gírámà, àpẹẹrẹ tó túbọ̀ yéni. Ohun tí o gbọ́dọ̀ kọ̀ nígbàkígbà: ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lo òṣùwọ̀n náà sanwó páténtì, tàbí tí yóò yọ ọ̀kan nínú àkọtọ́ méjèèjì kúrò. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín méjì yìí, kí o sọ pé "mo máa mú un padà lọ sílé". Gbólóhùn yẹn kò dójú ti ẹnikẹ́ni, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Má lọ nìkan. Kí ẹnì kejì máa ka ohun tí ò ń kà, torí ọjọ́ tí ara rẹ kò bá yá, tàbí tí iṣẹ́ bá gbé ọ lọ, ohùn ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ pa run níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kétu

Mo fara mọ́ ọn, àfi kí n fi kan kún un: ní IETF, wọ́n kà á sí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ tara rẹ̀ ni. Bí o bá ní "ẹgbẹ́ mi ní èèyàn púpọ̀, gbogbo wa ló fara mọ́ èyí", kò ní fi nǹkankan kún ọ̀rọ̀ rẹ. Wọ́n á ní kí o mú ìdí rẹ̀ wá. Ní ISO, ẹnu orílẹ̀-èdè lo fi ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà kí ìwé iṣẹ́ yín bá ibi tí o ń lọ mu.

Onímọ̀tò (Kútọ̀nù)

Ẹ má bínú sí mi. Ṣé àkókò yìí kò ní dára jù bí a bá fi kọ kóòdù? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò tíì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe la tún fẹ́ rán lọ jókòó sípàdé.

Ẹ̀gbọ́n Kétu

Ìbéèrè gidi lo bi, mi ò bínú. Wo LibreOffice, sọ́fítíwia tí a fi ń kọ ìwé, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹni tó ń lo sọ́fítíwia mìíràn ṣe lè ṣí fáìlì rẹ̀, òṣùwọ̀n ló fà á: OpenDocument, tí OASIS, àjọ òṣùwọ̀n mìíràn, fọwọ́ sí ní 2005, tí ISO náà sì gbà wọlé ní 2006 gẹ́gẹ́ bí ISO/IEC 26300. Àwọn olùyọ̀ǹda open source wà lára àwọn tó jókòó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ní àwọn ń kọ kóòdù, àwọn kò ráyè, ẹlòmíì ni ì bá kọ ọ́, bó bá sì ṣe wù ú ni ì bá ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù tí ò ń sọ náà, bí fóònù kò bá mọ yo-BJ, ta ni yóò fi hàn nínú àkójọ èdè?

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ìwọ̀n. Kí àbúrò wa má gba ìgbìmọ̀ méjì. Ẹyọ kan, kó ṣe é dáadáa.

Onímọ̀tò (Kútọ̀nù)

Ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó nígbà náà, torí ìyẹn ni mo mọ̀. Ẹgbẹ́ ni kó máa ra dátà fún aṣojú, kó má jẹ́ àpò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpàdé wọ̀nyí, àsìkò Kalifọ́níà ni wọ́n ń tẹ̀ lé: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń di aago mẹ́fà ní ìgbà òtútù wọn, torí àwọn ń yí aago padà, àwa kì í yí i. Kọ ọ́ sára ògiri ilé ìtajà rẹ. Kí bátìrì sì kún kí aago tó lù, o mọ̀ bí iná ṣe rí.

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Mo lè kà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ọ́ kíákíá, ó máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Àrẹ̀mú (Jámánì, ọmọ Àjàṣẹ́)

Ìwọ nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ohun tó ń gbé èèyàn níyì ni ohun tó kọ sílẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń sọ ọ́ kánmọ́kánmọ́. Fi àbá rẹ ránṣẹ́ ní kíkọ ṣáájú ìpàdé. Bí ohun kan kò bá yé ọ, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Wọ́n máa ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Kétu

Lórí bí a ṣe ń kọ àbá, gbọ́ èyí. Fọ́ọ̀mù ISO fúnra rẹ̀ kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́, kódà bí o kò bá lọ sí ISO rárá. Ó ní àyè fún nọ́ńbà ìpín tí ọ̀rọ̀ rẹ dá lé, àyè fún irú àbá (ge bó bá jẹ́ ti gbogbogbòò, te bó bá jẹ́ ti ìmọ̀ iṣẹ́, ed bó bá jẹ́ ti àkọtọ́ lásán), àyè fún àríwísí, lẹ́yìn náà àyè fún àtúnṣe tí o fẹ́. Àyè tó kẹ́yìn yẹn lọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan. Wọ́n á ní "èyí kò dára", wọ́n á lọ. Ẹni tó ń ṣàkóso ìwé náà ní àbá rẹpẹtẹ níwájú, ó rẹ̀ ẹ́. Bí o bá kọ gbólóhùn tí o fẹ́ kó fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ní kíkún, títí dé àmì ìdánudúró, á rọrùn fún un láti gbà á. Bí kò bá sì gbà á, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Kí o tó kọ àkọ́kọ́, ka ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ. Gbogbo ìjíròrò IETF ló wà ní gbangba, ìwé ìpàdé Unicode náà wà níta. Ohun tó jọ tuntun lójú rẹ, wọ́n lè ti jiyàn lé e títí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Mo ti bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. A mú Unicode, CLDR ni a máa kọ́kọ́ bá ṣe, ti Yúróòpù a fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ òfin jù wá lọ. Arábìnrin kan tó wà ní Kétu ni ẹnì kejì mi. Ìwé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, mo tẹ̀ lé ohun tí Ará Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ sọ: àkọtọ́ méjèèjì gbọdọ̀ dúró, kò sí ohun tó lè yẹ ìyẹn. Ẹgbẹ́ ló ń ra dátà. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, mo máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá sí ibí yìí.

Ìyá Olùkọ́, orúkọ oṣù méjìlá àti ọjọ́ méje wà lórí pépà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ lọ́nà yẹn, òun ni yóò mú un wá fún yín.

Ìyá Olùkọ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ó dára, ọmọ mi. Fi orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká kún un: Tógò, Nàìjíríà, Nìjẹ̀r, Bùkínà Fasò. Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ń gbà kọ wọ́n níbí, ó yẹ kí a fẹnu kò kí ìkànnì yẹn tó ṣí.